Ọmọ ọdún 18 fẹ́ lọ ṣèrànwọ́ nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ghana kó tó wọ yunifásítì: kí la máa wò?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọbìnrin mi ń parí A-level ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún yìí, yóò sì pé ọdún 18 kí ìdánwò tó parí. Yunifásítì ti gbà kó sún ìwọlé rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ó ti rí àjọ kan tó máa mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Volta Region ní Ghana, kó lọ máa ṣèrànwọ́ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Owó tí wọ́n ń bèèrè kì í ṣe kékeré. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì kàwé tán, kí ló fẹ́ lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ò fẹ́ pa iná ọkàn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ibà ń bà mí, ẹ̀rù gbájúẹ̀ náà ń bà mí. Kí la máa wò kí a tó sanwó? (Ìyá kan, Peckham)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí bàbá ọmọ sọ yẹn, ẹ má tètè dà á nù, òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì kì í ṣe tíṣà. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fa odindi kíláàsì lé e lọ́wọ́, tí tíṣà tó ni kíláàsì wá ráyè bá tirẹ̀ lọ, àwọn ọmọ ibẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí irú ọmọ yín lè ṣe tí yóò sì hàn pé ó ṣe é: kó mú ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ tí ìwé kíkà ń dà láàmú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó máa bá wọn ṣe lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kí tíṣà sì máa bá àwọn yòókù lọ. Àjọ tí kò bá lè sọ fún yín kedere pé iṣẹ́ yìí tàbí irú rẹ̀ ni ọmọ yín ń lọ ṣe, ẹ má sanwó fún un.

Ghana fúnra rẹ̀ ti dán irú èyí wò. Ní nǹkan bí 2010, Ghana Education Service àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Teacher Community Assistant Initiative. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tó ti parí sẹ́kọ́ńdìrì jọ, wọ́n fún wọn ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́, wọ́n sì ní kí wọ́n máa bá àwọn ọmọ tó ti ṣẹ́yìn ní kíláàsì ìsàlẹ̀ ṣiṣẹ́. Ibi tí ìmọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan dé gan-an ni wọ́n ti ń bá a bẹ̀rẹ̀, wọn kò wo kíláàsì tó wà. Ìwé kíkà àwọn ọmọ náà sì gbéra. Àmọ́ ọmọ àdúgbò ni àwọn olùrànlọ́wọ́ yẹn o; wọ́n gbọ́ èdè àwọn ọmọ, wọ́n sì ń rí owó díẹ̀ gbà. Ọmọ yín kò gbọ́ èdè. Igbákejì irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó jẹ́, kó má ṣe gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi àjọ náà léèrè bóyá ọ̀dọ́ àdúgbò kan wà tí wọ́n máa jọ ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá dáhùn pé kò sí, tí wọn kò tilẹ̀ ronú kàn án rí, ẹ ti mọ irú àjọ tí wọ́n jẹ́.

Ọ̀rọ̀ àjọ ló kàn. Ní Britain, VSO, àjọ olùyọ̀ǹda tí Alec Dickson àti ìyàwó rẹ̀ Mora dá sílẹ̀ ní 1958, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé ló kọ́kọ́ ń rán lọ sókè òkun. Nígbà tó yá, VSO fúnra rẹ̀ yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbà wọ́n ní irú ẹni tí àwọn nílò nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Britain gbé ètò International Citizen Service jáde ní 2011, fún àwọn ọmọ ọdún 18 sí 25. Ìjọba ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, ọ̀dọ́ ilẹ̀ òkèèrè àti ọ̀dọ́ ìlú ibẹ̀ sì jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni. Ètò yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn àjọ aláàánú àti ilé iṣẹ́ tó ń ṣòwò ló kù, àwọn méjèèjì ló sì ń gbowó. Gbígba owó kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ilé ọmọ, oúnjẹ rẹ̀, ẹni tó ń mójú tó o lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ ní iye tó ń ná ni, kò sì yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ abúlé máa bọ́ ọmọ Lọ́ńdọ̀nù.

Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n tú owó náà sí wẹ́wẹ́ fún yín lórí ìwé: èló ló ń lọ sọ́wọ́ ìdílé tó gba ọmọ sílé, èló ni ilé ẹ̀kọ́ ń rí, èló ni owó oṣù aṣojú wọn ní Ghana, èló ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kó tó lọ, èló ló kù sí ọ́fíìsì àti ìpolówó ní Britain. Bó bá jẹ́ àjọ aláàánú ní England tàbí Wales ni, ó ní nọ́ńbà; ẹ tẹ nọ́ńbà náà sí ojúlé Charity Commission, ẹ ó rí ìṣirò owó ọdọọdún rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ni, Companies House, níbi tí ilé iṣẹ́ ti ń forúkọ sílẹ̀, lẹ máa lọ. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé BS 8848. Ìlànà kan tí àwọn ará Britain ṣe fún irú ìrìn àjò báyìí ni. Kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ dára: ẹni tó gba owó lọ́wọ́ yín ni yóò dáhùn fún ohun gbogbo, títí kan ọkọ̀ tí ọmọ wọ̀ àti ilé tó sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé e fún. Àjọ tó bá ní “alábàáṣiṣẹ́ wa lọ́hùn-ún ló mọ ìyẹn” ti kọ ẹrù sílẹ̀ kó tó gbé e.

Ẹ tún ní kí wọ́n fún yín ní ẹni méjì tó ti lọ síbẹ̀ ṣáájú, kí ọmọ yín fúnra rẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìsí ẹni àjọ níbẹ̀. Ìbéèrè tó máa ń tú àṣírí jù ni: “Lọ́jọ́ Tuesday kan ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kí lo ṣe láti aago mẹ́jọ sí aago méjì?” Ẹni tí iṣẹ́ gidi wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò sọ ọ́ pàtó. Ẹni tó jẹ́ pé àwòrán ló lọ yà, yóò máa sọ bí àwọn ọmọ ṣe nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó.

Ohun kan wà tí a kò ní fi dúnàádúrà. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ náà wà nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí, tàbí pé ilé ẹ̀kọ́ náà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ọmọ yín á máa lọ bá wọn ṣeré ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbé nírú ilé yìí, ní Ghana àti níbòmíràn, ni òbí wọn wà láàyè. Òṣì ló kó wọn débẹ̀, nígbà mìíràn onílé ló lọ kó wọn wá nítorí pé àlejò tó ń sanwó ń fẹ́ rí ọmọ aláìlóbìí. Nígbà tí Australia ń ṣe òfin lórí òwò ẹrú ìgbàlódé ní 2018, wọ́n mẹ́nu kàn án gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣòwò ọmọ. Láti bí 2007 ni ìjọba Ghana náà ti ń gbìyànjú láti dá àwọn ọmọ padà sọ́dọ̀ ẹbí wọn. Èrò rere ọmọ yín kò yí ìyẹn padà.

Àjọ tó mọṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba ọmọ yín láìbéèrè ẹ̀rí ìwà. Èyí tó bá irú ìrìn àjò yìí mu ni International Child Protection Certificate, tí ACRO, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn, máa ń ṣe ní Britain fún ẹni tó fẹ́ lọ bá ọmọdé ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Àjọ tó bá gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ kan, láìfọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, tí kò béèrè ẹ̀rí kankan, ẹ rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń gba àwọn tí ẹ kò ní fẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọmọ kankan.

Ní ti àkókò, èrò wa yàtọ̀ sí ti àjọ yín. Oṣù mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ láàárín sáà tó sì parí láàárín sáà mìíràn kò tó sáà kan ṣoṣo tí ó bá dé kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, tó sì dúró títí wọ́n fi ṣe ìdánwò. Inú oṣù mẹ́fà yẹn, ìsinmi á jẹ lára rẹ̀, ayẹyẹ ilé ẹ̀kọ́ á jẹ lára rẹ̀, ọmọ yín á sì kúrò nígbà tí ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Ẹ gba ìwé ọjọ́ sáà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ọjọ́ ìwọlé ní Ghana yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà Covid. Bí a bá ní ká ṣètò rẹ̀, ọmọ á ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láti oṣù Kẹsàn-án títí di Kérésìmesì láti fi kó owó jọ, á wá lọ fún sáà kan lẹ́yìn ọdún tuntun. Bàbá rẹ̀ náà á rí i pé owó ara rẹ̀ ló ń ná.

Sáà kan tún ń gba yín lọ́wọ́ wàhálà ìwé ìrìnnà. Bí ọmọ yín bá ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ECOWAS gbà kó wọ Ghana láìgba físà, kó sì lo ọjọ́ 90. Bó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Britain nìkan ló ní, ó gbọ́dọ̀ gba físà kó tó gbéra. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, ìwé àbẹ̀wò kì í ṣe ìwé iṣẹ́, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà sì lè jẹ́ iṣẹ́ lójú òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè. Àjọ ló yẹ kó bá Ghana Immigration Service sọ̀rọ̀ lórí ìwé tó bá ohun tí ọmọ ń lọ ṣe mu, kó sì fi ìdáhùn wọn hàn yín. Bí wọ́n bá ní kó sọ ní pápákọ̀ òfuurufú pé òun wá ṣe fàájì, irọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ yín yẹn. Kó mú pásípọ́ọ̀tù méjèèjì dání bó bá ní méjì; ti Britain ni yóò fi padà wọlé.

Ìdílé tó bá jẹ́ pé ọmọ kò tíì di ọmọ Britain, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí èèyàn ń gbà dé orí ìwé ìgbé ayérayé, kíkúrò ní Britain ju ọjọ́ 180 lọ láàárín oṣù 12 lè da ìṣirò ọdún rú, oṣù mẹ́fà sì lè ju ọjọ́ 180 lọ. Bó bá ti ní ìwé ìgbé ayérayé tó sì fẹ́ di ọmọ onílẹ̀ láìpẹ́, ó yẹ kí ọjọ́ tó lò lóde má ju 90 lọ nínú oṣù 12 tó kẹ́yìn, kó má sì ju 450 lọ nínú ọdún márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà tó mọ òfin ìgbélùú wò ó kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ní ti owó ilé ìwé yunifásítì, wọ́n máa ń wò ó bóyá Britain ni ọmọ fi ṣe ibùgbé fún ọdún mẹ́ta ṣáájú kó tó wọlé. Ìrìn àjò ìgbà díẹ̀ kì í sábà bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, lẹ́tà àjọ, àti lẹ́tà yunifásítì tó fún un láyè.

Ìlera wá kù. Bí ẹ bá ń sọ nílé pé “ọmọ Yorùbá ni, ibà ò lè ṣe é ní nǹkan kan,” ẹ jọ̀wọ́ ẹ dákẹ́ ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní agbára kankan nínú ara rẹ̀ lórí ibà ju ọmọ òyìnbó lọ. Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ní nígbà tí ẹ wà nílé pàápàá ti dín kù gan-an lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ní òkè òkun. Àwọn tó lọ kí ẹbí nílẹ̀ Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ibà wọ Britain. Ghana jẹ́ ibi tí ibà wà yíká ọdún. Oògùn tó máa ń wọ́pọ̀ ni doxycycline, 100 mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́: ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó lọ ló máa bẹ̀rẹ̀, á sì máa lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tó bá padà dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń fò. Kó fi oúnjẹ àti omi púpọ̀ lò ó, kó má sì dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ó máa ń ta ọ̀nà ọ̀fun. Ó sì máa ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó awọ ara. Èkejì ni oògùn tí wọ́n ń pè ní Malarone: òun náà ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, ọjọ́ méje péré ni wọ́n sì máa ń lò ó lẹ́yìn àbọ̀. Owó rẹ̀ máa ń ga jù. Bó bá jẹ́ AS ni ọmọ, ó ṣì gbọ́dọ̀ lo oògùn. Bó bá jẹ́ SS, ẹ bá dókítà tó ń tọ́jú fòníkú-fọ̀ladìde rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ìjíròrò lórí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí ibà fún onítọ̀hún ewu ńlá ni. Bí ara rẹ̀ bá gbóná láàárín ọdún kan lẹ́yìn tó padà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì sọ fún wọn pé òun ti Ghana dé. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti ní oògùn lára, kó gbé e lọ láti ilé.

Abẹ́rẹ́ yellow fever, dandan ni láti fi wọ Ghana. Ó gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá kó tó wọlé, káàdì rẹ̀ sì wúlò títí ayé báyìí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ wo táífọ́ọ̀dì, hepatitis A, àpapọ̀ abẹ́rẹ́ tetanus, diphtheria àti polio, àti abẹ́rẹ́ yírunyírun bó bá ń lọ síhà àríwá ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ti àrùn dìgbòlugi gba ẹ̀ẹ̀mẹta: ọjọ́ kìn-ín-ní, lẹ́yìn ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà ní ọjọ́ 21 tàbí 28. Nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú ìrìn àjò ni kó lọ sí ilé ìwòsàn arìnrìn-àjò. NHS máa ń fún ni ní díẹ̀ lára wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó san ti yellow fever, dìgbòlugi àti oògùn ibà fúnra yín. Bí ajá bá gé e jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì wá ilé ìwòsàn lọ, abẹ́rẹ́ tó gbà tẹ́lẹ̀ kò ní kó má lọ.

Nǹkan méjì tí kò sí nínú ìwé ìpolówó Volta Region. Adágún Volta, tí ó kún lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ dáàmù Akosombo ní 1965, lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n ìgbín kéékèèké inú rẹ̀ ń gbé kòkòrò tó máa ń wọ ara láti inú omi, tó ń jẹ́ kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Kó má wẹ̀ níbẹ̀, bí ọmọ àdúgbò tilẹ̀ ń wẹ̀. Èkejì ni ọ̀kadà. Ọ̀nà ni ewu tó tóbi jù fún ọmọ yín, ju ibà lọ, ju olè lọ. Inṣọ́ránsì tó pọ̀ kì í san owó fún ẹni tó jábọ́ lórí ọ̀kadà láìdé àṣíborí, ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ bá ọ̀kadà ṣe rárá. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sí, ẹ sì rí i pé ó mẹ́nu kan iṣẹ́ ìyọ̀ǹda àti gbígbé aláìsàn padà sílé. Kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò láti ìlú sí ìlú lóru.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kó jókòó sẹ́yìn. Kó wo bí tíṣà ṣe ń pe ọmọ, bó ṣe ń pín pátákó, ìgbà tó ń bọ́ sí Ewe, èdè àdúgbò ibẹ̀, àti ìgbà tó ń padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ètò ìjọba Ghana ni pé kí wọ́n lo èdè àdúgbò ní kíláàsì ìsàlẹ̀ títí dé Primary 3, kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba ipò láti Primary 4. Olùyọ̀ǹda tó bá ń sọ fún ọmọ pé “Gẹ̀ẹ́sì nìkan” ń ba iṣẹ́ tíṣà jẹ́ ni. Àwa Yorùbá ló yẹ kó mọ èyí jù: láti 1970 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti fi ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Modákẹ́kẹ́ hàn pé ọmọ tó fi èdè abínibí kàwé kì í pàdánù Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọmọ yín bá ń gbọ́ Yorùbá, ó ti ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní: Ewe ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa, gb wà níbẹ̀, kp wọn ni p tiwa, ɛ àti ɔ wọn ni ẹ àti ọ. Ẹnu rẹ̀ kò ní wúwo. Kó kọ́ ìkíni àti orúkọ àwọn ọmọ inú ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní tó parí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì kó bá tíṣà dán àwọn ọmọ wò. Ìdánwò tí àjọ Pratham ní India gbé jáde ló rọrùn jù, ojú ìwé kan péré ni. Wọ́n kọ ìpínrọ̀ kan tó ní gbólóhùn mẹ́rin síbẹ̀, ìtàn kan tó gùn díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi mẹ́wàá, àti lẹ́tà bíi mẹ́wàá. Ẹyọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń kà á. Orí ìpínrọ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: bó bá kà á láìṣe ju àṣìṣe mẹ́ta lọ, ó bọ́ sí orí ìtàn, bí kò bá lè kà á, ó lọ sí orí ọ̀rọ̀, ó mú márùn-ún, mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ gbà, bó bá kùnà, ó di orí lẹ́tà, mẹ́rin nínú márùn-ún bákan náà. Ibi tó dúró sí ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ fún ọmọ kan. Yóò yà á lẹ́nu pé ọmọ Primary 4 kan á wà ní ẹgbẹ́ lẹ́tà, tí àbúrò rẹ̀ ní Primary 2 á sì wà lórí ìtàn.

Ohun tó máa ń tan olùyọ̀ǹda jẹ jù nibẹ̀ nìyí. Ọmọ á gbé ìwé kíláàsì rẹ̀, á fi ìka tọ́ ọ, á ka ojú ewé kan já geere. Olùyọ̀ǹda á pàtẹ́wọ́. Orí ni ọmọ ti há a sí. Kó fi páálí kékeré bo ojú ewé náà, kó gbẹ́ ihò tó gba ọ̀rọ̀ kan sí àárín páálí, kó sì máa fà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ọmọ tó ń kàwé á ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó há á sórí á dákẹ́, á máa wo ojú rẹ̀. Kó má bínú sí i, kó sì má bá a wí níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, kó máa ní ìṣẹ́jú 40 pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ní àkókò tí tíṣà fún un, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí wọn: lábẹ́ igi tàbí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún ìkíni àti ìró lẹ́tà ti àná. Mẹ́wàá fún títo ọ̀rọ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún kíkà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kà fúnra rẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n jọ máa ké e lápapọ̀. Mẹ́wàá tó kù fún kíkọ. Fún títo ọ̀rọ̀, ìdérí ìgò mínírà ló dára jù. Ìdérí bí ọgọ́ta tó fún ẹgbẹ́ kan: kó fi máàkà kọ lẹ́tà kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a àti e mẹ́rin mẹ́rin, i, o àti u mẹ́ta mẹ́ta, kọ́ńsónáǹtì méjì méjì, q àti x ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó bá ṣẹ́kù, kó fi kún t, n àti s. Ọmọ tó tẹ ìdérí sílẹ̀ c-a-t, tó wá fi b rọ́pò c, ti rí ohun tí pátákó kò lè fi hàn án. Lọ́jọ́ Friday kó jókòó ti tíṣà, kó fi ìwé tó ń kọ orúkọ àti ipò ọmọ kọ̀ọ̀kan sí hàn án. Ìwé yẹn ni tíṣà máa jogún nígbà tí ó bá lọ. Bí kò bá sí, gbogbo ohun tó ṣe á bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Kó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì Peckham yára, àwọn ọmọ yóò sì máa dáhùn “Yes, Madam” sí gbogbo ohun tó bá sọ, yálà ó yé wọn tàbí kò yé wọn. “Ṣé ó yé yín?” kì í ṣe ìbéèrè. Kó ní kí ọmọ ṣe é, kó wò ó.

Ó lè bá pàṣán pàdé. Ghana Education Service ti fòfin de nína ọmọ níléèwé, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Kò gbọ́dọ̀ bá tíṣà jà níwájú kíláàsì, kò sì gbọ́dọ̀ rán ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti máa nà án. Kó kọ ọjọ́ àti ohun tó rí sílẹ̀, kó sọ fún aṣojú àjọ lọ́jọ́ náà. Bó bá rí ohun tó ju ẹgba lọ, ọ̀rọ̀ aṣojú nìkan kọ́ nìyẹn mọ́. Department of Social Welfare ní àgbègbè náà ló ń gbọ́ ọ. Kó ti ní nọ́ńbà wọn lọ́wọ́ kó tó kúrò nílé.

Irun rẹ̀. Ní iléèwé ìjọba, àwọn ọmọbìnrin máa ń gé irun mọ́lẹ̀ ni, nítorí náà irun tó bá di gígùn á di ìran. Kó dì í kúkúrú, kó sì wọ aṣọ tó bo orúnkún. Ọwọ́ òsì, ẹ ti kọ́ ọ nílé. Àwọ̀ ara rẹ̀ náà á jẹ́ kí àwọn kan rò pé ọmọ ilẹ̀ ni, wọ́n á máa bá a sọ Ewe, wọ́n á sì máa bínú bí kò bá dáhùn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó kò ní rí irú èyí. Ẹ sọ fún un ṣáájú.

Ẹ̀bùn: kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ kan ní súìtì, bíróò tàbí owó. Bó bá fẹ́ fún wọn ní nǹkan, kó fi ṣọ́ọ̀kì, páálí àti máàkà lé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ọmọ tó bá sọ pé “Madam, san owó ìwé mi” kì í ṣe oníwọ̀ra, ẹni tó lọ ṣáájú ló ti san owó ìwé ọmọ kan, tó sì dá a dúró lọ́dún kejì. Àwòrán ọmọ kò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí Instagram, àyàfi bí òbí rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, òbí ọ̀hún kì í sì í ṣe tíṣà. Kò sì gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé òun á padà wá.

Ní ti bíbọ̀ wálé kó tó parí, ẹ fi ẹnu kò lórí rẹ̀ báyìí, nígbà tí ojú gbogbo yín ṣì wálẹ̀. Ohun tó lè mú un bọ̀ nìyí. Bí wọ́n bá gbé odindi kíláàsì lé e lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀léra, tí aṣojú kò sì ṣe nǹkan kan. Bí ilé tó ń gbé kò bá ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé tàbí níléèwé bá ń dà á láàmú: kó pe aṣojú, kó pe yín, kó sì lọ sí ilé mìíràn lọ́jọ́ náà. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè yí ọjọ́ rẹ̀ padà wọ́n díẹ̀ ju èyí tí kò ṣe é yí lọ. Òun ni kí ẹ rà.